Pẹ̀lẹ́ Tó Wọnú Àwo Orin

Ní Ilé Òǹtẹ̀, ó ku díẹ̀ kí orin kẹsàn-án parí ni Ẹlẹ́rìí dá a dúró. Iná iwájú rẹ̀ pọ́n, ó sì sọ gbólóhùn kan péré: ẹni kẹrin wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

"Àwa mẹ́ta náà ni," Fadérera dáhùn, kó tó rántí pé ẹ̀rọ kì í báni jiyàn.

Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé, òṣìṣẹ́ Ilé Òǹtẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn bọ́ sí lọ́wọ́, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní kí ọmọbìnrin náà fara balẹ̀ jókòó. Ó ní bí Ẹlẹ́rìí bá ti sọ pé òun gbọ́ ẹni kẹrin, ó gbọ́ ọ nìyẹn, ohun tó kù ni kí àwọn mọ ẹni náà.

Ẹni tí kò bá rí Ẹlẹ́rìí rí lè rò pé àpótí ìkẹ́rù lásán ni. Kò ga ju àga lọ, irin ni gbogbo ara rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú débi pé ó lè ka iye ohùn tó bá dún nínú yàrá. Bí ẹgbẹ́ olórin bá fẹ́ ṣe àwo tí wọ́n máa pè ní iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ìjọba á gbé e wá bá wọn, á la ojú rẹ̀, wọ́n á sì kọ gbogbo orin inú àwo náà níṣojú rẹ̀ ní ìjókòó kan. Wọn kò gbọdọ̀ gé e, wọn kò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́rìí sí i, àwo náà á gba òǹtẹ̀ Ọwọ́, wọ́n á sì lè fi gbohùngbohùn gbé e sáfẹ́fẹ́ ní gbangba kí gbogbo ayé jọ gbọ́ ọ.

Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, kò sí orin níbi tí ènìyàn méjì bá wà. Olúkúlùkù ló ní ẹ̀rọ etí tirẹ̀, tó ń hun orin fún un bí inú rẹ̀ bá ṣe rí, orin tí ẹlòmíràn kò ní í gbọ́ láé. Tọkọtaya á sùn sórí ibùsùn kan, orin méjì ni wọ́n á máa gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta ìsinsìnyí kò tilẹ̀ mọ̀ pé nígbà kan rí, bí ẹnì kan bá dá orin, ẹlòmíràn á gbè é. Bí ẹ bá bi mí, ìyà ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí.

Páànù Gbígbóná ni orúkọ ẹgbẹ́ Fadérera. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, àmọ́ rọ́ọ̀kì tó ti yà kúrò lójú títì wọ inú igbó: gìtá á máa ké, ohùn á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ìlù á sì dákẹ́ níbi tí ènìyàn ti ń retí rẹ̀. Fadérera ló ń kọrin tó tún ń ta gìtá, Bámitálẹ́ ló ń lu ìlù jáàsì, Ṣẹ̀gílọlá sì wà nídìí gìtá báàsì. Ariwo Inú Ilé ni wọ́n sọ àwo náà, wọ́n sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ orin inú rẹ̀ kí wọ́n tó ní kí Ẹlẹ́rìí máa bọ̀. Ní Lafẹ́nwá ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́yìnkùlé ilé ìyá Fadérera, nínú yàrá òtútù kan tí wọ́n ń kó ẹja dídì pamọ́ sí láyé ọjọ́un. Ògiri ibẹ̀ nípọn, kì í jẹ́ kí ariwo jáde. Àbùkù rẹ̀ kò ju pé bí oòrùn bá mú, òórùn ẹja a tún máa jí dìde.

Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé ní kí ẹ̀rọ tún ibẹ̀ kọ. Gìtá ń ké lọ, ohùn Fadérera sì dédé fò sókè láàárín ọ̀rọ̀ bí ohùn ẹni tí nǹkan ta. Òun fúnra rẹ̀ rántí ibẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn ló fi ń rìn kúrò nídìí makirofóònù, ló bá fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ gbá irin ìlù Bámitálẹ́. Ó dùn ún dé eegun, ṣùgbọ́n kò dá orin dúró. Ìrora náà bá orin lọ, orin sì wá dára ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ. Nínú gbogbo àwo, ibẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ràn jù.

Ẹlẹ́rìí rẹ gìtá sílẹ̀, ó rẹ ìlù sílẹ̀, ó rẹ ohùn Fadérera náà sílẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ wọn wá jáde. Bámitálẹ́ ní, "Pẹ̀lẹ́." Ṣẹ̀gílọlá ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Obìnrin kan tí kò jìnnà sí wọn sì ní, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀dà orin náà nílé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ta ní ń gbọ́ pẹ̀lẹ́ nílẹ̀ Yorùbá? Bí ènìyàn bá kọsẹ̀, a ó kí i. Bí ó bá sín, a ó kí i. Bí ẹrù bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí ní ìkòríta, ẹnu wa á ti kí i kí àwa fúnra wa tó mọ̀ pé a sọ̀rọ̀. Bámitálẹ́ kí i láìṣi ìlù lù, Ṣẹ̀gílọlá kí i láìṣi okùn ta, kò sì sí èyí tó rántí pé òun la ẹnu. Ẹni kẹta tó kí i pàápàá kò rántí.

"Ohùn obìnrin yẹn," Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé wí, "ẹ mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òun ló ń sọ létí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin láti Lafẹ́nwá títí dé Ṣàgámù pé ká ṣọ́ra, ilẹ̀kùn fẹ́ tì. Òun ló ń sọ nínú ẹ̀rọ agbéniròkè pé a ti dé àjà kẹrin, òun ló sì ń sọ nílé ìwòsàn pé kí ẹni tó kàn máa wọlé. Ohùn tó mọ́ ni, ó tutù, kì í kánjú. Àǹtí Ilẹ̀kùn ni àwọn ọmọdé ń pè é. Fadérera ń pè é ní Màmá.

Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni Wúràọlá ìyá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ohùn Ìgboro ń wá ohùn tí kò ní í dẹ́rù ba arúgbó, tí kò sì ní í bí ẹni tó ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ nínú. Àwọn tó lọ gbìyànjú pọ̀ bí eṣú, ohùn Wúràọlá ni wọ́n mú. Inú rẹ̀ dùn, ó jó délé. Ó fọwọ́ sí i pé ohùn náà ti di ti Ilé-iṣẹ́, àti pé a kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn kankan mọ́, ẹnu tòun náà wà nínú rẹ̀, àyàfi nínú ilé ara òun. Láti ìgbà náà ló ti ń lẹ ìbòhùn mọ́ ọ̀fun bó bá fẹ́ jáde. Kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ó sì ń sọ ohùn rẹ̀ di ohùn tín-ín-rín kan tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni, bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Bó bá ti wọlé á yọ ọ́ jù sórí tábìlì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ohun tó ti gbé mì láti àárọ̀.

Yàrá òtútù náà, lẹ́yìnkùlé ló wà, ilé sì ni ẹ̀yìnkùlé. Ó bá wọn wọlé lọ́jọ́ náà kó lè gbọ́ àwo ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òógùn mú kó yọ ìbòhùn, ó jókòó sórí páálí kan nígun ògiri níbi tí ojú Ẹlẹ́rìí kò dé, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní í fọhùn. Orin mẹ́jọ kọjá, kò húkọ́. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ fẹsẹ̀ gbá irin ni ìlérí náà kò rántí ara rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé ṣàlàyé fún Fadérera bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Bí ohùn yẹn bá jẹ́ ti ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ti wọ inú àwo nìyẹn, kì í ṣe Ọwọ́ mọ́. Orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á di oúnjẹ fún àwọn ẹ̀rọ etí, wọ́n á máa rún un wẹ́wẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ìdajì ẹsẹ kan níbí, ẹni tó bá fẹ́ ariwo gìtá lọ́hùn-ún, Páànù Gbígbóná kò sì ní í lè kọ wọ́n mọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohùn ènìyàn, kí onítọ̀hún wá síwájú Ẹlẹ́rìí wá sọ̀rọ̀, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ kún àwo, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀.

Ó tún bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní òun kò ní í tan án jẹ. Ní kété tí ohùn yẹn bá jáde lẹ́nu ènìyàn nínú ilé yìí, Ilé-iṣẹ́ Ohùn Ìgboro á gbọ́. Wọ́n á rán ẹnì kan wá, ẹni náà á sì ti ìbòhùn mọ́ onítọ̀hún lọ́rùn pa. Nílé ni o, lóde ni o, kò ní í ṣí mọ́ títí ayé rẹ̀.

"Ẹ ò lè bá wa gé ibẹ̀ kúrò, sà?"

"Tí mo bá fọwọ́ kàn án, èmi náà ti di ẹ̀rọ nìyẹn," ni Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé wí. Ó ní kó lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì padà wá sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ fún òun.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn lórí bẹ́ǹṣì. Wúràọlá wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó, ó wé gèlè, ó kó ọwọ́ lé itan bí ẹni tó wá ya fọ́tò. Òun ló ń pariwo láti ọjọ́ mẹ́ta pé òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lu òǹtẹ̀. Ó fi ohùn tín-ín-rín rẹ̀ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Fadérera ní ariwo kan ló wọ inú orin, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá pe Bámitálẹ́ àti Ṣẹ̀gílọlá jáde sábẹ́ igi furúùtù iwájú ilé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Bámitálẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ó rántí pé òun náà kí i ní pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Fadérera nìkan, ti Màmá ni, kí àwọn lọ sọ fún wọn kí wọ́n fúnra wọn mú èyí tí wọ́n bá fẹ́. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́.

Ṣẹ̀gílọlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì máa ń dákẹ́ bó bá ti lanu. "Tó o bá ti sọ fún Màmá, o ti pinnu nìyẹn," ó wí. "O mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Má lọ fi ẹnu wọn mú ohun tí ìwọ fẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fadérera lára, torí pé ó fẹ́ àwo náà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó fẹ́ ẹ débi pé ẹnu rẹ̀ gbẹ níbi tó dúró sí. Ìyá rẹ̀ yìí kan náà ló sọ fún un nígbà tó wà ní kékeré pé láyé àtijọ́, onírẹ́kọ́ọ̀dù kan wà ní Kútọ̀ tó máa ń gbé gbohùngbohùn síta, tí gbogbo àdúgbò, ẹni tó ń fọṣọ, ẹni tó ń gún iyán, ẹni tó ń bínú sí ọkọ rẹ̀, á máa gbe orin kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Fadérera kò gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tó wá gbà á gbọ́, ó lọ wá gìtá rà. Ohun tó ń rò láti ìgbà náà ni ọjọ́ tí òun máa gbé gbohùngbohùn sí Kútọ̀, tí ìyá òun máa dúró láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí gbogbo wọn á jọ máa gbọ́ orin òun.

Ṣùgbọ́n ó tún rò ó síbi kejì. Ohùn ilẹ̀kùn kì í dàgbà. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í há, kì í bá ìkòkò jà. Ohùn ìyá rẹ̀ nílé ti ní eruku díẹ̀ nínú báyìí, ó máa ń fà níparí ọ̀rọ̀, bó bá sì ń sọ ìròyìn tó dùn mọ́ ọn, ẹ̀rín a máa dé kí ìròyìn náà tó dé. Kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti lè gbọ́ irú rẹ̀, àfi nínú ilé kan ní Lafẹ́nwá. Ṣé ohùn ọlọ́fìnkìn yẹn ni yóò wá máa jí òun láàárọ̀? Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi.

Ó padà wọlé lóun nìkan. Ó gbé ọwọ́ lé orí Ẹlẹ́rìí bí òfin ṣe wí. "Ẹ̀rọ ni, sà," ó wí. "Ọkọ̀ ojú irin ló ń kọjá."

Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé wò ó pẹ́. Ọkọ̀ ojú irin wo ló ń kí ènìyàn ní pẹ̀lẹ́? Àmọ́ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí irọ́ jẹ́ ti olè àti ìgbà tó jẹ́ ti ọmọ. Ó ní ó dáa, òun gbọ́. Ó wá rán an létí ohun tí Fadérera kò kà sí rárá nínú gbogbo ìrònú rẹ̀, pé gbogbo ìdájọ́ Ilé Òǹtẹ̀ ni wọ́n máa ń kà sókè nínú gbọ̀ngàn kó tó di òfin.

Kò sí bó ṣe lè dá a dúró. Ọkùnrin náà jáde, ó dúró síwájú àwọn tó ń dúró de tiwọn, ẹgbẹ́ akọrin àwọn ìyá kan láti Ìlarò, onígòjé kan, ọkùnrin méjì tó ń fẹ fèrè. Ó kà á bó ṣe yẹ kó kà á. Ó ní nínú àwo tí wọ́n pè ní Ariwo Inú Ilé, nínú orin kẹsàn-án, nígbà tí olórin fẹsẹ̀ gbá irin, ohùn ẹ̀rọ kan sọ pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Ó ní olórí ẹgbẹ́ náà ti búra pé ẹ̀rọ ni, nítorí náà, àwo náà kò yege.

Wúràọlá dìde. Kò yára dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì wo ọmọ rẹ̀.

"Dérera, ta ni wọ́n pè ní ẹ̀rọ?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ìyá náà kò lọ sílé. Ó gbé ọwọ́ sí ọ̀fun, ó ṣí ìbòhùn kúrò, ó gbé e sórí tábìlì níwájú Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé, ó sì kọjá lọ bá Ẹlẹ́rìí nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Wúràọlá ni mí," ó wí. "Ọmọ mi fẹsẹ̀ gbá irin, mo kí i. Kí ló tún yẹ kí n ṣe?"

Gbogbo gbọ̀ngàn sún sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Onígòjé gbé àpò rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ilẹ̀kùn má bàa há a. Ó di ìgbà tí wọ́n wo ilẹ̀kùn tí wọ́n rí i pé kò mira kí wọ́n tó wo obìnrin náà.

Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé bi í bóyá ó mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Wúràọlá ní òun ka ìwé náà kí òun tó fọwọ́ sí i, olùkọ́ ni òun. Ó wá yíjú sí Fadérera, inú sì ń bí i, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Inú bí i ju ti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ta ìwé iléèwé rẹ̀ ra okùn gìtá.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń bá gbogbo Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀," ó wí, "ẹnì kan ṣoṣo ò dá mi lóhùn rí. Ọmọ tí mo fi inú mi bí ló wá ń búra pé ilẹ̀kùn ló bí òun."

Fadérera ti ń sunkún. Ó ní kí ohùn yẹn lè ṣẹ́ kù sílé ni òun ṣe sọ ọ́, nítorí òun kò mọ bí ilé ṣe máa rí láìsí i.

"Mo mọ̀," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ohùn náà pè ọ́ láti ìdí ààrò, orin mẹ́sàn-án tó sọnù nítorí mi ni wàá máa gbọ́. O ò ní í gbọ́ mi mọ́."

Fadérera mọ̀ pé òótọ́ ni. Iná ara Ẹlẹ́rìí kúrò ní pupa. Ó ní ènìyàn mẹ́rin ló wà nínú yàrá, kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé fagi lé ìdájọ́ rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ Ọwọ́ mọ́ àwo náà, ó sì fi orúkọ Wúràọlá kún orúkọ àwọn tó ṣe é. Bámitálẹ́ tó ti ń retí òǹtẹ̀ yẹn bí ẹni ń retí òṣùpá ààwẹ̀ kò lè yọ̀. Ó kàn gba àwo náà, ó dì í mú sáyà.

Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé ní kí wọ́n dúró, ẹni tí Ilé-iṣẹ́ Ohùn Ìgboro rán ti wà lọ́nà. Wọ́n padà sórí bẹ́ǹṣì. Fadérera jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń wá ohun ńlá kan tí òun lè ní kó sọ kí àkókò tó lọ. Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ kí wọ́n ki oríkì òun.

"Ṣé ikú ló ń bọ̀ ni?" Wúràọlá bi í. "Jókòó dáadáa, o ń tẹ aṣọ mi mọ́lẹ̀."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní kòkòrò ti wọ inú ẹ̀wà tí àwọn rà lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tà á fún òun búra pé ẹ̀wà tuntun ni. Ó ní ewúrẹ́ Ìyá Àdùnọlá tún ti jẹ ewúro òun tán pátápátá, ewúrẹ́ kan ṣoṣo láyé tó fẹ́ràn ewúro. Ó ní kí Ṣẹ̀gílọlá yé fi eyín gé èékánná, kí Bámitálẹ́ sì sọ orúkọ ẹni tó gẹ irun rẹ̀ kí àwọn lè lọ bá onítọ̀hún jà. Fadérera kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Ó lérò pé ìyá òun ń fi ohun tó ṣẹ́ kù ṣòfò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtàn ewúrẹ́ náà fẹ́ parí, ẹ̀rín dé kí ọ̀rọ̀ tó dé, ó sì gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá Ìlarò yọ ẹ̀rọ etí rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá da ata gbígbẹ sínú ẹ̀wà náà, kòkòrò á jáde. Wúràọlá ní òun ti ṣe é, kò jáde. Ìyá kejì náà yọ tirẹ̀, ó ní irú ata wo ni. Onígòjé yọ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kòkòrò ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn kan ń jiyàn, tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú awò ojú lọ́wọ́, kò pe ẹni tó kàn.

Ẹni tí Ilé-iṣẹ́ rán wọlé, obìnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ Fadérera, ó gbé àpò kékeré kan kọ́ èjìká. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó kúnlẹ̀, ó kí ìyá náà, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè. Ó mú ìbòhùn láti orí tábìlì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀fun Wúràọlá, kò tíì tì í. Ó ní òfin ní kí òun béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí Màmá fẹ́ sọ kí òun tó tì í pa.

Fadérera di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Wúràọlá wo obìnrin náà dáadáa, láti orí dé ìka tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ tutù," ó wí. "Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, mà," obìnrin náà dáhùn. Ó sì ti ìbòhùn náà pa.